Owó Fàdákà Inú Àpótí Ìyá Àgbà: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀ Kí A Sì Mọ Ọdún Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó náà ni a tún gbé dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn òbí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Owó tí àwọn baba ńlá wa ná kí a tó dé ayé ni, èyí tí ó ṣì wà nínú àpótí ìyá àgbà, nínú kólòbó, lábẹ́ ìpìlẹ̀ ilé alámọ̀ àti nínú yanrìn etí odò.

Kí ló dé tí irú owó bẹ́ẹ̀ fi yẹ kí ó jẹ wá lógún níhìn-ín ní Lọ́kọ́ja? Ìdí ni pé ìlú yìí ti rí owó oríṣiríṣi kọjá. Ibi tí Odò Ọya àti odò Benue ti pàdé ni. Nupe, Hausa, Ígálà, Ebira àti àwa Yorùbá ti Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà àti Bùnú, gbogbo wa ni a jọ ń ná ọjà ibẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, níhìn-ín ni wọ́n ti sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀, tí Lugard sì ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Ibùdó àwọn ọmọ ogun West African Frontier Force tí Lugard kó jọ ni Lọ́kọ́ja jẹ́ pẹ̀lú. Ibi tí ọmọ ogun bá sì wà, owó oṣù a máa tọ̀ wọ́n lọ síbẹ̀, àwọn olóúnjẹ àti ẹlẹ́mu a sì máa gbà á lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, bí ẹni tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ bá hú owó jáde, kò yẹ kí ó yani lẹ́nu.

Ohun tí ó ń dùn wá ni ohun tí a máa ń ṣe sí i lẹ́yìn tí a bá ti hú u. Ọ̀pọ̀ wa a bu eérú, a ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, a ó sì há a títí yóò fi máa dán. Ohun tí a fi ń mọ ọdún rẹ̀ gan-an ni a há dànù yẹn. Ẹlòmíràn a gbé e fún ẹni tí ń ra irin àlòkù, onítọ̀hún a gbé e lé òṣùwọ̀n pọ̀ mọ́ ìdérí ìkòkò àti ṣíbí tí ó ti kán. Àwọn mìíràn gbọ́ àhesọ pé owó tí ó ní ihò àti ìràwọ̀ lára tó mílíọ̀nù náírà, wọn a máa gbé e káàkiri títí gbájúẹ̀ yóò fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Èyí tí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti ẹni tí ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá lórí ìtàn ìlú rẹ̀, tí ó rí owó 1913 kan lábẹ́ ògiri, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdún 1913 ni wọ́n kọ́ ilé náà. Ó ti ṣì í nù un. A ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ orúkọ àwọn owó wọ̀nyí, nítorí orúkọ ni àwọn àgbà yóò fi dá wa lóhùn bí a bá bi wọ́n léèrè. Kí owó onírin tó dé, owó ẹyọ ni a ń ná. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan péré tó ẹrù fún ọkùnrin kan láti rù! Nígbà tí owó Gẹ̀ẹ́sì wọlé, ṣílè 20 ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan, kọ́bọ̀ 12 sì wà nínú ṣílè kan. Sísì jẹ́ kọ́bọ̀ 6, tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ 3, ẹ̀pìnnì jẹ́ ìlàjì kọ́bọ̀, oníní sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kọ́bọ̀ wá láti ara orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà, ẹnu wa ni ìjọba sì ti mú un nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Ní ọjọ́ náà pọ́n-ùn kan di náírà 2, ṣílè kan di kọ́bọ̀ 10 tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀. Kọ́bọ̀ 10 ni wọ́n ń pè ní ṣílè, kọ́bọ̀ 5 ni wọ́n ń pè ní sísì. Nítorí náà bí ìyá àgbà bá sọ pé ṣílè ni òun fi pamọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ fi ojú kàn án, kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Ní báyìí, kí á mú owó náà lọ́wọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò ni bóyá BRITISH WEST AFRICA wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí, tí ó sì jẹ́ fàdákà tí orí ọba tàbí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wà lára rẹ̀, owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni, irú èyí tí wọ́n ń ná ní Lọ́ńdọ̀nù. Irú rẹ̀ ni Bank of British West Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, ń kó wọlé láti òkè òkun. Ti Ọbabìnrin Victoria rọrùn láti pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí ó ní orí ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò dé adé wà láti 1838 títí di 1887. Èyí tí ó dé adé kékeré sórí ìbòrí wà láti 1887 títí di 1893. Èyí tí ó ti di ìyá arúgbó, tí ìbòrí bo orí rẹ̀ wálẹ̀ dé èjìká, wà láti 1893 títí di 1901 tí ó fi wàjà. Bí ọdún ara owó bá tilẹ̀ ti parẹ́, orí nìkan ti sọ nǹkan fún wa.

Bí BRITISH WEST AFRICA bá wà lára fàdákà náà, a mọ̀ pé kò lè ṣáájú 1913. Ní 1912 ni wọ́n dá West African Currency Board sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa rọ owó fún Nàìjíríà, Gold Coast tí í ṣe Gánà òní, Sierra Leone àti Gambia. Nígbà tí ó jẹ́ owó Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni a ń ná, èrè tí ó wà nínú rírọ owó, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín iye tí fàdákà jẹ́ àti iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, àpò ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń lọ. Àwọn ìjọba amúnisìn tí ó wà níhìn-ín fẹ́ ìpín tiwọn. Ohun tí ó bí owó tuntun nìyẹn, kì í ṣe ìfẹ́ wa.

Oríṣi mẹ́rin ni fàdákà náà. Tọ́rọ́ àti sísì ní ewé tí a hun yí iye wọn ká. Ṣílè kan àti ṣílè méjì ní igi ọ̀pẹ. Orí Ọba George karùn-ún, tòun ti adé, wà ní ẹ̀yìn gbogbo wọn. Ìwọ̀n wọn kò yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: tọ́rọ́ jẹ́ gíráàmù 1.41, sísì jẹ́ 2.83, ṣílè jẹ́ 5.66, ṣílè méjì jẹ́ 11.31. Ẹ wò ó bí ó ti gún: ṣílè kan méjì gbọ́dọ̀ bá ṣílè méjì kan dọ́gba lórí òṣùwọ̀n, tọ́rọ́ mẹ́rin gbọ́dọ̀ bá ṣílè kan dọ́gba. Èyí tí ọwọ́ ti jẹ yóò fúyẹ́ díẹ̀. Bí ó bá fúyẹ́ jù, ẹ fura.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni ọdún 1920. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà gbówó lórí gidigidi. Ọ́ùnsì kan fàdákà tí wọ́n fi ń rọ owó Gẹ̀ẹ́sì ń di kọ́bọ̀ 66 bí wọ́n bá rọ ọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1920, ọ́ùnsì kan náà di kọ́bọ̀ 89 àti ààbọ̀ lọ́jà Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá yọ́ owó náà tà nígbà náà yóò jèrè ju ẹni tí ó ná an lọ! Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dín fàdákà inú owó tirẹ̀ kù sí ìlàjì ní ọdún náà. Tiwa kò rí ìlàjì mú dúró. Idẹ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi rọ tọ́rọ́, sísì, ṣílè kan àti ṣílè méjì wa, àwòrán kan náà, ọba kan náà, ọ̀pẹ kan náà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ṣílè George karùn-ún tí ó jẹ́ fàdákà, láàárín 1913 sí 1920 ni wọ́n rọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ idẹ, 1920 sí 1936 ni. Ohun tí a fi rọ ọ́ nìkan ti fún wa ní ọdún, kí a tó ka nọ́ńbà kankan.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ fàdákà nígbà tí ìdọ̀tí ti bo ó? Fàdákà àtijọ́ a máa dúdú, idẹ a máa di àwọ̀ kọfí tàbí kí ó hu àwọ̀ ewé. Ojú nìkan kò tó o. Ẹ lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n wà ní ẹ̀ka físíìsì, kí wọ́n yá wa ní òṣùwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ wọn owó náà ní gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ife omi lé òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ fi òwú so owó náà rọ̀ sínú omi láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Ẹ fi ohun tí òṣùwọ̀n kọ pín ìwọ̀n gbígbẹ náà. Bí ìdáhùn bá súnmọ́ 10.3, fàdákà ni. Bí ó bá jẹ́ 8 àti díẹ̀, kì í ṣe fàdákà. Ṣílè méjì tí ó jẹ́ fàdákà yóò fi nǹkan bíi gíráàmù 1.1 hàn nínú omi. Bí òòfà bá sì fà á, ẹ má ṣe wàhálà mọ́, ayédèrú ni.

A gbọ́dọ̀ ya owó oníhò sọ́tọ̀, nítorí funfun rẹ̀ ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kọ́bọ̀, ẹ̀pìnnì àti oníní kì í ṣe fàdákà rárá. Àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni ó mú wọn funfun. Oníní àkọ́kọ́, ti 1907 àti 1908, alumíníọ́mù ni wọ́n fi rọ ọ́, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa jẹ ẹ́ kíákíá, ni wọ́n bá fi bàbà òun níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Owó kékeré tí ó lè gba ipò owó ẹyọ lọ́jà ni wọ́n ń wá, ihò àárín rẹ̀ sì jẹ́ kí ó ṣeé sín sókùn bí ẹyọ. Ìràwọ̀ igun mẹ́fà ara rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta méjì tí a kọ́ mọ́ra. Iṣẹ́ ọnà ni, kò ní agbára awo kankan, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ó ń fa owó wálé, ẹ bi í léèrè ìdí tí òun fi fẹ́ tà á.

Owó oníhò yìí kan náà ni ó ní ohun ìyanu kan tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ní. Edward kẹjọ gorí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1936, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà. Nílé wọn, owó tí ó ní orí rẹ̀ kò tíì jáde sọ́jà tí ó fi lọ. Ṣùgbọ́n owó oníhò wa kò ní orí ọba, orúkọ nìkan ni ó ní, kò sì ní wọn lára láti fi í sí i. Nítorí náà, ìyá aláta lọ́jà Lọ́kọ́ja lè ti di orúkọ EDWARDVS VIII mọ́ ìdí aṣọ, nígbà tí ará Lọ́ńdọ̀nù kò rí i ná. Bí ẹ bá rí i, 1936 ni, kò sí àríyànjiyàn.

Orúkọ ọba tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Lára owó George karùn-ún àti ti George kẹfà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí IND: IMP:, tí ó túmọ̀ sí Ọba-ńlá ilẹ̀ Íńdíà. Íńdíà gba òmìnira ní 1947, láti 1949 sì ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lára owó wa. George kẹfà wàjà ní oṣù kejì ọdún 1952. Òmìnira ilẹ̀ tí ó jìnnà réré sí wa ni a fi ń mọ ọjọ́ orí ṣílè Lọ́kọ́ja! Àwọn lẹ́tà kékeré tí ó wà nítòsí ọdún náà ń sọ ibi tí wọ́n ti rọ owó: H ni ti Heaton ní Birmingham, KN ni ti King's Norton ní agbègbè kan náà, SA ni ti Pretoria ní South Africa. Bí kò bá sí lẹ́tà, Royal Mint ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ni eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ kọ́kọ́ máa ń jẹ.

Wàyí o, ẹnìkan lè sọ pé, "Bí ọdún bá ti wà lára owó, kí ni a tún ń wá?" Ẹ jẹ́ kí á ya ilẹ̀ Faransé wò díẹ̀, nítorí àwọn tí ń kọ́ nípa owó àtijọ́ níbẹ̀ ni ìbéèrè yìí ti yọ lẹ́nu jù lọ. Láyé àwọn ìjòyè ilẹ̀ náà, denier ni orúkọ owó wọn, fàdákà pẹlẹbẹ tí kò wọ̀n ju gíráàmù kan tàbí méjì lọ, kò sì sí ọdún kankan lára rẹ̀. Ní 864, Ọba Charles tí wọ́n ń pè ní Apárí pàṣẹ ní ìlú Pîtres pé kí wọ́n rọ owó tuntun, kí orúkọ òun àti ti ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́ wà lára rẹ̀. Ó kú ní 877. Agbára ọba ń dín kù, àwọn ìjòyè sì gba iṣẹ́ owó rírọ mọ́ ọwọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ọjà ti mọ ojú owó Charles. Ìjòyè wo ni yóò yí i padà kí àwọn oníṣòwò má baà kọ̀ ọ́? Ní Melle, ìlú tí ìwakùsà fàdákà ti sọ di olókìkí, wọ́n ń fi orúkọ Charles rọ owó lọ títí wọ ọ̀rúndún kejìlá, ó lé ní 200 ọdún lẹ́yìn tí ó ti kú.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ ọdún rẹ̀? Wọ́n ń wo bí lẹ́tà ṣe ń bàjẹ́, nítorí ẹni tí ń gbẹ́ àwòrán ń wo ti ẹni ìṣáájú kọ, títí lẹ́tà fi ń di igi ṣákálá. Wọ́n ń wọn ọ́n, nítorí bí ìgbà ti ń lọ ni owó ń fúyẹ́ tí fàdákà inú rẹ̀ sì ń dín. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ń wo owó tí a bá pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìkòkò kan náà.

Irú rẹ̀ súnmọ́ wa ju bí a ti rò lọ. Owó fàdákà ńlá ti Maria Theresa, ọbabìnrin ilẹ̀ Austria, wọ ilẹ̀ Hausa gba inú aṣálẹ̀. Nígbà tí Heinrich Barth dé Kánò ní 1851, owó ẹyọ 2,500 ni wọ́n ń ṣẹ́ ọ̀kan. Ó tẹ̀wọ̀n tó gíráàmù 28. Ọdún 1780 ni ó wà lára rẹ̀, ọdún tí ọbabìnrin náà kú, ṣùgbọ́n 1780 náà ni wọ́n ń kọ sí i lọ ní Vienna, Rome, Lọ́ńdọ̀nù àti Bombay, títí wọ ọ̀rúndún ogún. Ẹni tí ó bá rí i létí odò tí ó sì kígbe pé owó 1780 ni òun rí, ó lè jẹ́ pé baba òun gan-an ti ń rìn nígbà tí wọ́n rọ ọ́.

Ọdún ara ṣílè wa ní tirẹ̀ kì í purọ́. Síbẹ̀, ìgbà tí wọ́n rọ ọ́ ni ó ń sọ, kì í ṣe ìgbà tí ó bọ́ sílẹ̀. Ká ní ìdílé méjì ń jà sí ilé alámọ̀ kan nísàlẹ̀ Òkè Patti. Ọ̀kan sọ pé baba ńlá àwọn ni ó kọ́ ọ ní 1913, ẹ̀rí wọn sì ni ṣílè fàdákà 1913 tí wọ́n bá lábẹ́ ògiri. Bí owó náà bá wà nínú amọ̀ ògiri gan-an, ohun kan ṣoṣo ni ó fi hàn: wọn kò mọ ògiri yẹn ṣáájú 1913. Wọ́n lè mọ ọ́n ní 1914, wọ́n sì lè mọ ọ́n ní 1935. Ẹ wo ojú rẹ̀: bí ọ̀pẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ọwọ́ púpọ̀ ti gbà á kọjá kí ó tó dé inú amọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ó wà, nínú ihò eku, kò sọ nǹkankan nípa ògiri, nítorí owó lè bọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ti pé 40 ọdún. Ilẹ̀ ilé ni ọdún ara owó jẹ́ fún wa, kì í ṣe òrùlé.

Bí ó bá jẹ́ ìkòkò owó ni, owó tí ó kéré lọ́jọ́ orí jù ni kí á gbára lé. Ìkòkò ò lè ti wọ ilẹ̀ kí wọ́n tó rọ èyí tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Ẹ̀tàn kan tún wà níbẹ̀. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ fàdákà, tí 1918 sì kẹ́yìn. Ṣé 1918 ni wọ́n rì í? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí idẹ dé, ẹni tí ó gbọ́n a ná idẹ, a sì fi fàdákà pamọ́. Ìkòkò fàdákà láìsí idẹ lè jẹ́ ti 1930 pẹ̀lú.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí owó nílé, kí ẹ tó mú un kúrò níbi tí ó wà, ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀: inú kí ni, báwo ni ó ti jìn tó, kí ni ó wà pẹ̀lú rẹ̀. Omi lásán ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi rẹ̀ gbẹ. Bí ọdún kò bá hàn, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, òjìji yóò gbé nọ́ńbà tí ọwọ́ ti jẹ jáde. Ẹ tún lè gbé pépà fẹ́lẹ́ lé e kí ẹ fi pẹ́ńsù rà á. Ẹ ya fọ́tò ojú méjèèjì pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wọn ọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ dá a padà fún ìyá àgbà, nítorí tirẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ṣíṣe kan nìyí kí a tó dákẹ́. Wọ́n hú ìkòkò kan, owó mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ṣílè tí orí Victoria arúgbó wà lára rẹ̀. Èkejì jẹ́ ṣílè méjì fàdákà, ọ̀pẹ wà lára rẹ̀, 1914, lẹ́tà H. Ẹ̀kẹta jẹ́ ṣílè aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, ọ̀pẹ wà lára rẹ̀, ọdún rẹ̀ ti parẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ George kẹfà hàn kedere, kò sì sí IND: IMP: níbẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n rì í? Victoria mú wa dé 1893, ọ̀pẹ fàdákà mú wa dé 1914, àìsí Íńdíà mú wa dé 1949. Ẹni tí ó bá kọ 1914 sílẹ̀ nítorí pé òun nìkan ni ọdún rẹ̀ hàn, kí ó padà lọ bá ìdílé tí ń jà sí ilé nísàlẹ̀ Òkè Patti.